Sójà Òjé Tó Ti Kán

Ọ̀rọ̀ àwọn sójà kéékèèké tí wọ́n fi òjé ṣe ni mo gbé wá lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbé Lọ́ńdọ̀nù á ti rí wọn ní ọjà àlòkù: èyí tí kò lórí, èyí tí ìbọn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹṣin tó ku ẹsẹ̀ mẹ́ta, gbogbo wọn nínú páálí kan ṣoṣo, lówó pọ́ọ́kú. Ẹlòmíì lè bá irú páálí bẹ́ẹ̀ nínú ẹrù tí àgbàlagbà kan fi sílẹ̀. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé ká sáré ra ọ̀dà, ká kùn ún kó máa dán. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì ra ọ̀dà o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wa ná.

Ní 1893, William Britain ọmọ, tí bàbá rẹ̀ náà ń jẹ́ William Britain, tó sì ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, ronú kan ọ̀nà tuntun tí èèyàn lè gbà da sójà. Títí di ìgbà yẹn, àwọn ará Jámánì ló ni ọjà náà. Òjé ló kún inú sójà tiwọn dẹ́múdẹ́mú, ó wúwo, ó sì wọ́n. Britain da òjé gbígbóná sínú mọ́ọ̀dù, àmọ́ kò jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dì. Bí ọ̀rá ọbẹ̀ ṣe máa ń kọ́kọ́ dì létí ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ni òjé ṣe ń kọ́kọ́ dì lára mọ́ọ̀dù. Kí ti àárín tó dì, wọ́n á ti dojú mọ́ọ̀dù délẹ̀, wọ́n á da ìyókù padà. Èèpo nìkan ló máa kù, inú á ṣófo. Bí sójà ṣe fúyẹ́ nìyẹn, tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀ débi tí òbí tí kò lówó rẹpẹtẹ fi lè rà á fọ́mọ.

Sójà tó dúró ga tó nǹkan bíi mìlímítà 54, ìyẹn ò ju ìka ọwọ́ kan lọ. Ilé-iṣẹ́ Britain ṣe ẹgbẹ́ ọmọ ogun oríṣiríṣi, títí kan King's African Rifles ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, pẹ̀lú fìlà pupa àti aṣọ kakí. Àwọn obìnrin ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun wọn níkọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń gbé iṣẹ́ náà lọ ṣe nílé. Ọdún 1966 ni wọ́n dá sójà òjé dúró, ike sì gba ipò rẹ̀.

Ọ̀dà tí àwọn obìnrin wọ̀nyẹn fi kùn ún gan-an ni àwọn tó ń kó sójà jọ ń wá. Sójà tí ọ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣì wà lára, bó tilẹ̀ ti ń ṣí níhìn-ín lọ́hùn-ún, níye lórí púpọ̀ ju èyí tí ẹnì kan tún kùn lánàá lọ, bó ti wù kí kíkùn náà dára tó. Mo sì rò pé ẹ̀tọ́ ni. Ọwọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ náà ṣì wà lára rẹ̀. Tí a bá da kẹ́míkà tó ń ṣí ọ̀dà lé e lórí, a ti kó òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́ nìyẹn, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Nítorí náà, tí ìdajì ọ̀dà bá ṣì wà, ẹ tún ibi tó kán ṣe, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Èyí tí ọ̀dà ti tán lára rẹ̀ pátápátá, tàbí èyí tí ẹnì kan ti fi ọ̀dà ilé bà jẹ́ tẹ́lẹ̀, ni ká tún kùn.

Kí n tó sọ bí a ṣe ń ṣe é, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Májèlé ni òjé. Ẹ ò ní gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní 2010, níbi tí ọmọdé tó lé ní 400 ti kú nítorí eruku òjé tó wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti wá wúrà. Eruku yẹn ló léwu jù. Ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ ha sójà òjé láéláé. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ ha á, ẹ fi omi tutù sí i, kí ẹ fi aṣọ ọlọ́rinrin nu tábìlì, kí ẹ sì gbé aṣọ náà sọnù. Ẹ má jẹun nídìí iṣẹ́ náà, ẹ má fi ẹnu tọ́ ṣóńṣó búrọ́ọ̀ṣì, ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ tí ẹ bá ṣe tán. Ọmọdé ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn rárá.

Ọrùn ló máa ń kán jù. Àwọn ọmọ tó ń fi wọ́n ṣeré láyé ìgbà yẹn ní ọgbọ́n tiwọn: wọ́n á ki igi ìṣáná bọ ọrùn, wọ́n á gbé orí lé e. Ẹ ṣì máa bá igi ìṣáná yẹn nínú ọ̀pọ̀ sójà. Ẹ rọra fà á yọ. Ẹ wá wáyà idẹ tín-ínrín, tó nípọn tó mìlímítà kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìlu kékeré tí à ń fọwọ́ yí dá ihò sísàlẹ̀ orí. Ẹ má lo ti iná mànàmáná, torí ó máa yára lu èèpo já. Inú ara sójà ṣófo, wáyà ò ní rí ibi dìmú, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi epoxy tó rí bí àmọ̀ dí ẹnu ọrùn, ẹ jẹ́ kó le, kí ẹ tó dá ihò sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa ki wáyà bọ ihò méjèèjì, kí ẹ to orí mọ́ ara láìtíì fi gọ́ọ̀mù sí i, kí ẹ wo ibi tó kọjú sí. Sójà tó gbé ìbọn léjìká gbọ́dọ̀ máa wo iwájú; tí orí bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ojú ẹni kì í kúrò níbẹ̀ mọ́. Nígbà tó bá tó, ẹ wá fi gọ́ọ̀mù epoxy tí à ń pò pọ̀ lẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ẹ má gbé e fún ẹni tó ń tún rédíò ṣe pé kó fi sódà jó o. Òjé gidi ń yọ́ ní dígírì 327 ti Celsius, èyí tí wọ́n po tánganran mọ́ sì ń tètè yọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin gbígbóná tí wọ́n fi ń jó sódà lè lu ihò sí àyà sójà kí ẹ tó ṣẹ́jú. Apá tó ti sọnù ńkọ́? Àwọn kan ń da apá àti orí tuntun tà, kò ṣòro láti rí.

Ó wá ku ọ̀dà. Ẹ lẹ ìsàlẹ̀ sójà mọ́ ìdérí ìgò, kí ọwọ́ yín má bàa kàn án. Ẹ kọ́kọ́ fi práímà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kùn ún, irú èyí tí àwọn tó ń kun mọ́tò máa ń lò. Práímà funfun ló dára fún ẹ̀wù pupa, torí ọ̀dà pupa kì í bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ dáadáa. Lórí práímà aláwọ̀ eérú, ṣe ló máa ṣókùnkùn. Ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ kùn, lẹ́yìn náà ẹ̀wù, kí bẹ́líìtì àti bàtà gbẹ̀yìn. Ohun kan wà tó máa ń dùn mí tí mo bá rí i: àwọn ọlọ́wọ́ pípé kan máa ń kun òjìji sí ìṣẹ́po aṣọ, wọ́n á fi ìlà sí ìpéǹpéjú, títí sójà á fi dà bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ kì í ṣe sójà Britain mọ́. Ti Britain ò ju ọ̀dà dídán gbalaja lọ, àmì dúdú méjì fún ojú, àmì pupa rúsúrúsú lẹ́rẹ̀kẹ́, àti irunmú tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ ìdúró rẹ̀ pé a ti tún un kùn, àti ọdún tí ẹ kùn ún, kí ẹni tó máa rà á lọ́jọ́ iwájú má bàa sanwó ohun tí kò sí níbẹ̀.

Tí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun lára sójà, ẹ yà á sọ́tọ̀ kíá. Ooru ásíìdì, irú èyí tó wà nínú fínígà, ló ń jẹ òjé bẹ́ẹ̀, igi óòkù ló sì ń tú u jáde jù. Kọ́bọ́ọ̀dù óòkù tó rẹwà tí àwọn òyìnbó fi ń to nǹkan lọ́jọ̀ ni ọ̀tá sójà òjé gan-an. Inú dígí àti irin tí afẹ́fẹ́ ti lè wọlé ni kí ẹ tò wọ́n sí, kí ibẹ̀ gbẹ. Páálí pupa tí Britain fi tà wọ́n náà níye lórí, ẹ má jù ú nù, àmọ́ ẹ má kó sójà sínú rẹ̀ mọ́, torí páálí àtijọ́ náà ní ásíìdì. Ibi ọ̀tọ̀ ni kí ẹ tọ́jú páálí náà sí.