Àpótí Ṣájà Tí A Ń Gbé Kiri

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ìnsìpẹ́tọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù wọn

 

Mo mọ̀ pé ìwé owó ni ẹ mọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Bí ẹ bá ti rí mi, ó di kí a kó ìwé gbèsè jáde, kí a kó káàdì ìfowópamọ́ jáde. Lónìí, ọ̀rọ̀ wáyà iná ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ má ṣe rò pé mo ti fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ o. Inú ìwé gbèsè gan-an ni èmi àti wáyà ti pàdé.

Nínú ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí mò ń bójú tó, ìyá kan yá owó láti fi ra jẹnẹrétọ̀ kékeré àti ṣájà fóònù. Ó ní kí káfíńtà kan àpótí kan fún òun, èyí tí òun yóò máa gbé láti ọjà kan dé òmíràn. Iṣẹ́ gidi ni. Níbi tí iná kò dé, tàbí tí ó dé ṣùgbọ́n tí kì í dúró, ta ni kì í wá ẹni tí yóò bá a ṣájì fóònù? A ṣì ń pè é ní iná NẸ́PÀ títí di òní, bẹ́ẹ̀ ọdún 2005 ni orúkọ yẹn ti kúrò lára rẹ̀, tí wọ́n sì fi pípín iná náà lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ ní 2013. Orúkọ yí padà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún òkùnkùn.

Oṣù mẹ́ta ni ìyá yìí fi san gbèsè rẹ̀ láìyẹ̀. Ní oṣù kẹrin, ojú ìwé ṣófo. Ní oṣù karùn-ún, ó ṣófo. Mo bèèrè. Akọ̀wé kò dá mi lóhùn, ó wọ yàrá, ó sì gbé àpótí kan tí ó ti di èédú jáde. Fóònù àwọn oníbàárà mọ́kànlá ni ó jóná mọ́ ọn. Ọlọ́run ṣeun, kò sí ẹni tí ó kú. Ṣùgbọ́n àwọn onídùúró méjì tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìyá yìí, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ alágbo tí kò ní fóònù rárá, àwọn ni wọ́n ń san gbèsè náà di báyìí.

Ohun tí gbogbo ènìyàn sọ ni pé fóònù ti pọ̀ jù. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo kà ní Pólì, n kò ka ti iná. Bàbá oníṣẹ́ iná kan, tí òun náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ni ó fi sukudiráfà wú wáyà inú èédú náà jáde. Ó ní, "Ìnsìpẹ́tọ̀, ẹ wá wò ó. Bàbà yìí pé láti ìhín dé ọ̀hún. Ojú kan péré ni ó ti yọ́." Ojú kan náà ni ibi tí wọ́n ti lọ́ wáyà méjì pọ̀, tí wọ́n fi téèpù wé e.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó, nítorí ìṣirò ni iṣẹ́ tèmi. Ṣájà fóònù kékeré ń jẹ nǹkan bí wáàtì 5. Àwọn tí ó ń yára ń jẹ 20, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ogún ṣájà ni ó wà nínú àpótí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 10, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 200. Agbára iná wa jẹ́ fólítì 230. Bí a bá fi 230 pín 200, èsì rẹ̀ kò tó áńpì 1. Bẹ́ẹ̀ ni púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí fíúùsì 13 wà nínú rẹ̀ lè gbé nǹkan bí wáàtì 3,000. Fóònù kò pọ̀ jù. A purọ́ mọ́ fóònù.

Ibi tí wáyà kò ti dì mọ́ra dáadáa ni ó pani. Ó dà bí ẹnu ọ̀nà tóóró tí gbogbo èrò ọjà fẹ́ gbà jáde lẹ́ẹ̀kan náà: níbẹ̀ ni ara ti ń gbóná. Bí ó bá ti gbóná, ó tún ń tú sí i. Bí ó bá ti tú sí i, ó tún ń gbóná jù ti àkọ́kọ́ lọ. Ibi tí ó dùn mí jù ni pé fíúùsì kò lè gbani níbẹ̀. Iná tí ó pọ̀ jù ni fíúùsì mọ̀. Ojú wáyà tí kò dì kì í fa iná púpọ̀, ooru ni ó ń ṣe níbi tí ó wà, fíúùsì yóò sì jókòó jẹ́ẹ́ títí pákó yóò fi gbiná.

Ti àpótí tí ó wà lójú kan tilẹ̀ sàn díẹ̀. Èyí tí a ń dè mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, tí ọ̀nà wa sì rí bí ẹ ti mọ̀ ọ́n, gbogbo síkúrúù inú rẹ̀ ni ó ń tú díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, nínú àpótí tí a ń gbé kiri, kò gbọdọ̀ sí wáyà tí a lọ́ pọ̀ tí a fi téèpù wé. Láti ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ni kí wáyà ti lọ sí ẹ̀yìn èkejì. Wáyà tí ó wọlé àti èyí tí ó ń jáde yóò jọ wọ ihò kan náà, a ó sì fi síkúrúù tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ẹ fi ọwọ́ fa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá yọ lọ́wọ́ yín lónìí ni ìbá jó yín lọ́la.

Wáyà rírọ̀ ni kí ẹ rà, èyí tí irun bàbà pọ̀ nínú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí ó le gbagidi tí a ń lò nínú ògiri ilé. Èyí le máa ń ṣẹ́ bí a bá ń gbé e kiri. Ẹ bèèrè 1.5 tí ó ní ọmọ mẹ́ta nínú awọ kan. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ọ̀bẹ ha irun kan níbẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà kùn ni. Ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Nínú àwọn ọmọ mẹ́ta náà, búráùn yóò lọ sí ibi tí a kọ L sí lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì, búlúù sí N, èyí tí ó ní àwọ̀ ewé pẹ̀lú ìlà yẹ́lò sí E. Bí wáyà bá jẹ́ ti àtijọ́, pupa ni L, dúdú ni N, àwọ̀ ewé ni E. Àwọn kan máa ń gé ti E dànù pé kò wúlò. Ẹni tí ó bá kan àpótí rẹ̀ ní páànù, tí ó sì gé E dànù, ó ń dẹ pàkúté fún ara rẹ̀ ni: bí búráùn bá bó, tí ó kan páànù, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ni iná yóò gba ara rẹ̀ kọjá.

Ihò tí wáyà ńlá ń gbà wọlé, ẹ fi rọ́bà yí ẹnu rẹ̀ ká kí pákó má bàa gé awọ rẹ̀. Nínú, ẹ fi ìdè kàn án mọ́ pákó, kí ó lè jẹ́ pé bí ọmọ kan bá kọsẹ̀ lára rẹ̀, ìdè ni yóò fà, kì í ṣe síkúrúù sọ́kẹ́ẹ̀tì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan gbọdọ̀ ní pátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ lẹ́yìn. Kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú wáyà kan pákó lásán.

Nínú púlọ́ọ̀gì, ẹ yọ fíúùsì 13, kí ẹ fi 3 sí i. Ó tó fún fóònù, ó tilẹ̀ ṣẹ́kù. Bí ẹnì kan bá wá ki ríńgì tí a fi ń se omi, tí ó ń jẹ wáàtì 2,000, bọ àpótí yín nígbà tí ẹ lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, fíúùsì ni yóò já, kì í ṣe wáyà ni yóò jó. Ẹni tí ó bá fi ìṣó tàbí ìwé inú páálí sìgá dípò fíúùsì, kí ó má ṣe wá yá owó lọ́dọ̀ wa.

Ìyá kan ti bi mí pé, "Ìnsìpẹ́tọ̀, bí n kò bá ti ìdérí àpótí mi pa, ṣé kí olè wá kó fóònù olóhun ni?" Ọ̀rọ̀ gidi ni ó sọ, ó sì gbà mí ní ọjọ́ díẹ̀ kí n tó rí èsì rẹ̀. Ṣájà ń gbóná, fóònù náà ń gbóná, bátìrì inú fóònù kò sì fẹ́ràn ooru. Ẹ ní kí káfíńtà fi igi tín-ín-rín ṣe ìdérí náà, kí àlàfo wà láàárín wọn, bíi ti àgò adìẹ. Ẹ lè fi àgádágodo tì í. Afẹ́fẹ́ yóò máa wọlé, ọwọ́ olè kò ní wọlé. Ẹ má ṣe tẹ́ aṣọ tàbí fóòmù sábẹ́ ṣájà. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ bá ti wú, ẹ dá a padà fún olóhun láìgba kọ́bọ̀ rẹ̀. Bátìrì mọ́tò kò ní ibi tí yóò wà nínú àpótí yìí rárá. Bí a bá ń ṣájì rẹ̀, afẹ́fẹ́ kan ń jáde lára rẹ̀ tí ìtapárá kékeré lè mú bú gbàmù. Ìta gbangba ni ààyè rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú, ìta ni, jìnnà sí ojú fèrèsé, nítorí èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn lójú oorun.

Ó ku ti ẹgbẹ́. Mo ti bá ìgbìmọ̀ yín sọ ọ́, inú àwọn kan kò dùn sí i, pé ẹni tí ó bá yá owó fún irú iṣẹ́ yìí, kí a má ṣe ka gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Owó oníṣẹ́ iná, kí akápò san án fún oníṣẹ́ iná fúnra rẹ̀. Kí àwọn onídùúró sì fi ojú ara wọn rí inú àpótí náà kí ìdérí tó bò ó, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé. Alágbo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ní bí wọ́n bá ṣí i han òun ni, òun ìbá bèèrè ohun tí téèpù ń bò mọ́lẹ̀.

Ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, kí gbogbo ẹni tí ó bá ní àpótí ṣájà gbé e wá. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ẹ má sì ṣe kọ́kọ́ tún un ṣe kí n tó rí i. Bàbá oníṣẹ́ iná yẹn ti ṣèlérí pé òun yóò mú sukudiráfà àti mítà òun wá. Kò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́, àfi owó ọkọ̀ rẹ̀, èyí tí mo ti bá akápò sọ.