Ta Ni Ọmọ Yóò Fẹjọ́ Sùn?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn ará Òjòkú

Òru mọ́jú ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1999 ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn Black Axe ya wọ Gbọ̀ngàn Awólọ́wọ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, tìbọn-tàáké. Akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ni wọ́n pa. George Ìwíladé, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ ẹ̀ka ìmọ̀ òfin tí gbogbo ọgbà ń pè ní Afrika, wà nínú wọn. Orí ló kó ààrẹ ẹgbẹ́ náà yọ.

Gbogbo ayé ló mọ oṣù keje yẹn. Oṣù kẹta ọdún kan náà ni ọ̀pọ̀ ti gbàgbé. Nígbà náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ká àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn mọ́ ilé kan ní agbègbè tí àwọn òṣìṣẹ́ fásitì ń gbé, wọ́n bá ohun ìjà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fà wọ́n lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ẹjọ́ dé kóòtù, kóòtù ní kí wọ́n máa lọ. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ìbọn dún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kígbe. Àwọn tí igbe náà dé etí wọn ni kò ṣe ohun tó yẹ. Lẹ́yìn ikú ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dá ọ̀gá àgbà fásitì dúró.

Ọ̀rọ̀ tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé lórí nìyí: ìwà ipá ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga kì í sábà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ta sílẹ̀. Ẹnìkan ti kọ́kọ́ wá fẹjọ́ sùn. Ohun tí a bá ṣe lọ́jọ́ náà gan-an ni ìdènà.

Òfin nìkan kò tó. Ẹgbẹ́ Pyrates tí Wọlé Ṣóyinká àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà mìíràn dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1952 kì í ṣe ẹgbẹ́ apànìyàn, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ tó jẹyọ lẹ́yìn rẹ̀ gbé ìbọn. Ọdún 1989 ni ìjọba ológun ti fòfin de ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni òfin náà ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó pa àwọn ọmọ Ifẹ̀.

Ní ìtòsí ilé, ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ìlọrin lu olùkọ́ rẹ̀ obìnrin títí ó fi dákú, nítorí ọ̀rọ̀ SIWES, ìkọ́ṣẹ́ ìta ilé-ẹ̀kọ́, tí ọmọ náà kò ṣe. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni fásitì lé e, tí wọ́n sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ìyẹn dára. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe yá tó bí ó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fìyà jẹ, tí ẹni tó fìyà jẹ ẹ́ sì jẹ́ olùkọ́?

Lọ́dún 2018, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Ifẹ̀ ń bá akẹ́kọ̀ọ́bìnrin dúnàádúrà ìbálòpọ̀ nítorí máàkì. Fóònù tí ọmọbìnrin náà fi gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ló tú u fó. Fásitì lé e lẹ́nu iṣẹ́, ó sì rẹ́wọ̀n ọdún méjì he ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà. Lọ́dún 2019, BBC gbé irú ìwà bẹ́ẹ̀ jáde láti Èkó àti Gánà. Ní oṣù keje ọdún 2020, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fọwọ́ sí àbá òfin tó lè rán irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́wọ̀n tó ọdún 14. Ọmọ tí kò ní ohùn kankan nínú fóònù rẹ̀ ńkọ́? Òun ló yẹ kí a tìtorí rẹ̀ la ọ́fíìsì tí yóò gbọ́ ẹjọ́, ọ́fíìsì tí kò sí lábẹ́ ẹ̀ka tí olùkọ́ náà ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń kọ gbogbo ẹjọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n pa ọmọbìnrin kan, Jeanne Clery, nínú yàrá rẹ̀ ní Lehigh University lọ́dún 1986. Àwọn òbí rẹ̀ kò jókòó. Láti ọdún 1990 ni òfin ti ní kí ilé-ẹ̀kọ́ gíga máa tẹ iye ìwà ọ̀daràn inú ọgbà wọn jáde lọ́dọọdún. Kí ló dé tí àwọn fásitì tiwa kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ìtìjú ni wọ́n ń sá fún, ọmọ ọlọ́mọ ló sì ń jìyà rẹ̀.

Bí ìwà ipá bá ti ṣẹlẹ̀, ohun tó yẹ ní ṣíṣe nìyí. Bí wọ́n bá fipá bá ọmọ lò pọ̀, kí ó má wẹ̀, kí ó má fọ aṣọ tó wọ̀. Àpò bébà ni kí wọ́n kó aṣọ náà sí, kì í ṣe ọ̀rá, nítorí ọ̀rinrin inú ọ̀rá máa ń ba ẹ̀rí jẹ́. Kí ó dé ilé ìwòsàn kíákíá: oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kò wúlò mọ́ lẹ́yìn wákàtí 72. Ẹni tí ìbọn bá bà, òfin Nàìjíríà ti ọdún 2017 ní kí dókítà tọ́jú rẹ̀ láìkọ́kọ́ béèrè ìwé ọlọ́pàá. Kí ẹnikẹ́ni má sì bi ọmọ pé, "Kí lo wọ̀? Kí lo lọ ṣe níbẹ̀?" Ìbéèrè yẹn ló ń pa ọmọ kejì lẹ́nu mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Òjòkú. Àwọn ọmọ ibí ń lọ sí Ìlọrin, wọ́n ń lọ sí Pólì Ọ̀fà, yàrá ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń háyà láàárín ìlú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, inú ilé kan lóde ọgbà ni wọ́n ti pa akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Yunifásítì Ìlọrin kan. Ẹ̀ṣọ́ fásitì kò lè dé gbogbo àdúgbò. Lánlọ́ọ̀dù tó gbowó ilé gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń gbé níbẹ̀, kí ó ní nọ́ńbà òbí rẹ̀, kí ó fi iná sí ẹnu ọ̀nà, kí ó sì tún kọ́kọ́rọ́ tó bàjẹ́ ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá sọ fún un.

Lọ́jọ́ tí òbí bá sin ọmọ lọ sílé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n bi fásitì pé: ọ́fíìsì wo ló ń gbọ́ ẹjọ́ ìwà ipá, ta ló wà níbẹ̀, kí sì ni nọ́ńbà rẹ̀ lóru? Kí wọ́n tẹ nọ́ńbà náà lójú ọmọ, kí wọ́n gbọ́ bóyá ẹnìkan yóò gbé e.