KÁLÀMÙ JÁKÀŃDÈ ÀTI ÌBÒ YÍN
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ará Ìjìó sọ

Bí ẹnì kan bá bi mí pé kí ni ìwé ìròyìn wúlò fún, nígbà tí kì í ṣe iṣu, tí kì í ṣe oògùn, ìtàn Alhaji Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè ni n ó fi dá a lóhùn.

Ọdún 1929 la bí i l'Ékòó. Ní 1949 ó wọ iṣẹ́ ìwé ìròyìn ní Daily Service. Ní 1953 ó bọ́ sí Nigerian Tribune, ìwé ìròyìn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ n'Íbàdàn. Kò ju ọmọ ọdún 27 lọ tí wọ́n fi fi í ṣe olóòtú àgbà ní 1956. John West lorúkọ tó fi ń kọ̀wé. Iṣẹ́ olóòtú kò sì ju ìbéèrè lọ: èló ni ìjọba gbà? Kí ni wọ́n fi ṣe? Ta ló jẹ́rìí sí i?

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ a máa bí aláṣẹ nínú. Wọ́n fẹ̀sùn kan òun àti Awólọ́wọ̀ pé wọ́n fẹ́ fi ipá gbàjọba. Ní 1963 wọ́n sọ Jákàńdè sẹ́wọ̀n ọdún 7. Ní 1966 ó jáde, ó sì kọ ìwé lórí ẹjọ́ náà.

Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní October 1, 1979, oníwèé ìròyìn méjì di gómìnà lọ́jọ́ kan náà: Jákàńdè l'Ékòó, àti Bísí Ọnàbánjọ ní Ògùn, ẹni tó ń fi Ayékòótọ́ ṣe orúkọ ìkọ̀wé. Ẹni tó ti ń béèrè wá di ẹni tí a ń bi.

Kí ni Jákàńdè ṣe? L'Ékòó nígbà náà, àwọn ọmọ kan ń lọ síléèwé láàárọ̀, àwọn kan ń lọ lọ́sàn-án, nítorí yàrá ò tó. Ó kọ́ yàrá ìkàwé tí kò gba owó púpọ̀ káàkiri, gbogbo ọmọ sì ń lọ láàárọ̀. Àwọn ẹlẹ́gàn pè é ní ilé adìyẹ; ọmọ mẹ̀kúnnù ló ń kàwé níbẹ̀. Ó kọ́ ilé fún mẹ̀kúnnù, tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè dòní. Òun fúnra rẹ̀ ń gbé ilé rẹ̀ ní Ìlúpéjú. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yìí kan náà ni Bọ́lá Ìgè ń ṣe ní Ọ̀yọ́ níhìn-ín. Ẹni tó bá lọ sí sẹ́kọ́ńdírì l'Ókè-Ògùn láàárín 1979 sí 1983 á jẹ́rìí.

Àwọn ológun gbàjọba ní December 31, 1983, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ṣùgbọ́n ní 1993, ó gba iṣẹ́ mínísítà lọ́wọ́ Abacha, nígbà tí ìbò June 12 tí Abíọ́lá jẹ ṣì wà nílẹ̀. Ó dun ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fẹ́ràn rẹ̀. A ò ní fi í pa mọ́ fún yín. Ẹni tó bá yin ọwọ́ tó kọ́lé, kó sọ ibi tí ilé ti ń jò. Ó kú ní February 11, 2021, lẹ́ni ọdún 91.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ rèé. Ẹni rere pàápàá, ó yẹ ká máa bi í. Bí àwọn olóṣèlú bá wá tọrọ ìbò, àwa náà ńkọ́? Ẹ bi wá pẹ̀lú! Ọ̀nà Ìgànná, ìgbà wo? Omi, ibo ni ẹ ó gbẹ́ ẹ sí? Nọ́ọ̀sì, mélòó? Ẹ ní kí ọmọ tó mọ̀wé kọ ìdáhùn wa sílẹ̀, kó kọ ọjọ́ sí i. Tó bá di ọdún kejì, ẹ ṣí ìwé náà níwájú wa.

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹni tó bá ń sá fún ìbéèrè yín, ẹ má tẹ̀ka fún un.