Jẹ́lé-ó-sinmi: Ilé Ta Ni Ó Ń Sinmi?

Orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dúró lé lónìí: jẹ́lé-ó-sinmi. Àwọn tí ó kọ́kọ́ fi orúkọ yìí pe ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí kò ì tí ì tó kíláàsì kìn-ín-ní mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta kì í jẹ́ kí ilé sinmi. Yóò da omi nù, yóò fọ́ àwo, yóò sì béèrè ohun tí ìyá rẹ̀ kò lè dáhùn. Ẹ mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, kí ilé ó lè sinmi. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tèmi ni pé, ilé ta ni ó ń sinmi?

Ẹ jẹ́ kí a fi Ìláwẹ̀-Èkìtì, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú àgbẹ̀ ni. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ìyá tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò mú ọmọ lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi aládàáni, yóò sanwó, yóò sì ra aṣọ ilé-ìwé. Ìyá tí kò ní ńkọ́? Bí ó bá ń lọ sí oko, yóò pọn àbúrò, yóò sì fa ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́. Bí oko bá jìn, ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì ni yóò gba ọmọ sílẹ̀. Bí kò bá sí ìyá àgbà, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án ni yóò pa ilé-ìwé tirẹ̀ jẹ kí ó lè ṣọ́ àbúrò. Ẹ wò ó bí àìsí ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ kan ti gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ méjì! Lẹ́yìn náà, ọmọ ẹni tí ó sanwó àti ọmọ ẹni tí kò lè san yóò pàdé ní kíláàsì kìn-ín-ní. Ọ̀kan ti mọ bí a ti ń di pẹ́ńsù mú; èkejì kò fọwọ́ kan ìwé rí. Olùkọ́ tí kò bá fura yóò pe èkejì ní olódo.

Kì í ṣe pé ìjọba kò ṣe nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, èyí tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Èkìtì jẹ nínú àǹfààní náà, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó tó kíláàsì kìn-ín-ní ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí fún. Nígbà tí ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa jáde ní 1977, ó mẹ́nu ba àwọn ọmọ kékeré, àmọ́ àwọn aládàáni ni ó gbà níyànjú láti dá ilé-ẹ̀kọ́ wọn sílẹ̀. Òfin ọdún 2004 ni ó ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ìlànà ti ọdún 2013 sì là á sílẹ̀ pé kí ọmọ lo ọdún kan ní jẹ́lé-ó-sinmi kí ó tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní. Òfin ti wà. Ṣùgbọ́n òfin kì í tẹ́ ẹní fún ọmọ.

Ǹjẹ́ ìnáwó yìí lérè? Ní ìlú Ypsilanti, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, láàrin 1962 sí 1967, a ṣe ìdánwò kan lórí 123 ọmọ aláwọ̀ dúdú tí òbí wọn jẹ́ aláìní. 58 nínú wọn lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi. 65 kò lọ. A tọ ipasẹ̀ wọn títí wọ́n fi pé ẹni ogójì ọdún. Àwọn tí ó lọ ni ó parí ilé-ẹ̀kọ́ girama jù, àwọn ni owó ń wọlé fún jù, àwọn ni ọlọ́pàá sì mú kéré jù. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà: ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni olùkọ́ ń lọ bá ìyá ọmọ nílé, tí wọ́n jọ ń kọ́ ọmọ. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn àgbà ní, ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í tọ́ ọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ èdè. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Síbẹ̀, ní 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà èdè ti ọdún 2022, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ ọmọ láti jẹ́lé-ó-sinmi lọ. Ìpinnu yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn, n kò sì ní fi í pamọ́ fún yín. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Òun ni wọ́n rí tí ń gbé ènìyàn dé ipò. Ṣùgbọ́n ọmọ aláìní ni ìpinnu yìí yóò pa lára jù, nítorí pé kò sí ẹni tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé wọn. Ọmọ Èkìtì tí ń pe ilé ní “ulé” ti mú èdè kan wá láti ilé. Bí a bá fi í rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kìn-ín-ní, yóò pa ẹnu rẹ̀ dé, ẹnu tí a bá sì pa dé kò ní kọ́ èdè kankan.

Kí ni ṣíṣe? Èkínní, kí ilé-ẹ̀kọ́ máa ṣí ní àkókò tí ìyá tí ń lọ sí oko lè mú ọmọ wá. Èkejì, kí a má ṣe dúró de àga láti ìlú òyìnbó. Ògòtún, tí a mọ̀ fún ẹní híhun, wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà pẹ̀lú Ìláwẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó lórí ẹní, kí ó fi ọmọ ayò kọ́ ìṣirò, kí ó sì fi àlọ́ kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ̀kẹta, oúnjẹ. Ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2016, àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní sí ìkẹta ni a ṣe é fún. Kò yẹ kí àbúrò máa wo ẹ̀gbọ́n lẹ́nu. Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́ àti níbi gbogbo, ẹ má ṣe rò pé ẹni tí kò mọ̀wé ni a ń fi sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ kékeré. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ lọ kí ìyá ọmọ nílé. Bí ẹ bá bá a nídìí ẹ̀gẹ́ tí ó ń bó, ẹ jókòó tì í.

Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Lọ́jọ́ tí ìyá aláìní ní Ìláwẹ̀ bá lè ròkò kan délẹ̀ láìwẹ̀yìn, tí ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà wà ní kíláàsì, tí èyí àbúrò sì ń pa àlọ́ lórí ẹní, ọjọ́ náà ni ilé gbogbo wa yóò sinmi.