A Ò Ní Òkun, Olókun La Ní: Ọ̀rọ̀ Lórí Ibi Tó Yẹ Kí Àlejò Rí Ní Ilé-Ifẹ̀

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ibi ìgbafẹ́ nílùú wa. Ẹ ò ní gbàgbé ohun tó fà á. Àbúrò wa kan fi fọ́tò sórí WhatsApp ẹgbẹ́: òun àti ìdílé rẹ̀ ní Tulum, létí òkun ní Mẹ́síkò. Ògiri òkúta tí àwọn Maya mọ láyé àtijọ́ wà lẹ́yìn wọn, òkun wà nísàlẹ̀, èrò pọ̀ lọ súà. Ẹnì kan wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Àwa ò kúkú ní òkun ní Ifẹ̀."

Òótọ́ ni, a ò ní òkun. Olókun la ní. Àwọn èrò tẹ́ ẹ sì rí nínú fọ́tò yẹn, ṣé òkun nìkan ni wọ́n wá wò? Òkun wà káàkiri ayé. Ògiri àtijọ́ yẹn wà lára ohun tó gbé wọn débẹ̀, torí pé àwọn onílẹ̀ ò wó o fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Mi ò ní pẹ́ lórí àwọn tẹ́ ẹ ti mọ̀. Ọ̀pá Ọ̀rányàn wà níbẹ̀, òkúta tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 18, tí ìṣó irin tó lé ní 100 wà lára rẹ̀. Ère Mọ̀rèmi tí Ọ̀ọ̀ni Adéyẹyè Ẹnitàn Ògúnwùsì gbé kalẹ̀ lọ́dún 2016, ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń ya fọ́tò. Ọgbà Yunifásítì náà ń kọ́? Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì, ló ya àwòrán àwọn ilé ibẹ̀, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà ṣì ń ti òkèèrè wá wò ó. Àwọn yìí ò sá lọ. Ohun tó ń sá mọ́ wa lọ́wọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Igbó Olókun. Ibẹ̀ ni Leo Frobenius, ará Jámánì, ti rí Orí Olókun lọ́dún 1910, ìtàn yẹn ò ṣàjèjì sí yín. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa ò gbọ́ ni ti ìlẹ̀kẹ̀. Awalẹ̀pìtàn kan, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, Abídèmí Babátúndé Babalọlá, walẹ̀ nínú igbó náà, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Iṣẹ́ tó gbé jáde lọ́dún 2017 fi hàn pé àwọn baba wa ò kàn ra gíláàsì lọ́wọ́ àlejò kí wọ́n máa tún un yọ́. Àwọn fúnra wọn ló ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500, iyanrìn àti òkúta ilẹ̀ wa ni wọ́n sì fi ṣe é. Irú gíláàsì yẹn ni wọ́n rí títí dé Gao, ní Mali. Sẹ̀gi tá à ń rí lọ́rùn ọba, Ifẹ̀ la ti ń ṣe é! Ẹ wá lọ wo igbó náà lónìí. Ilé ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ilẹ̀ àpáàdì tún wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní Ọ̀ọ̀ni Lúwòó, obìnrin tó jọba nífẹ̀ẹ́, ló pàṣẹ pé kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ìlú torí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀. Mo ní ẹjọ́ láti rò níbí yìí.

Nígbà tí mo ń kọ́ bọ́ìsì-kọ́tà sẹ́yìn ilé bàbá wa ní Ìrẹ̀mọ, ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ ò tíì jìn ju orúnkún lọ tí dígà fi kan nǹkan. Àpáàdì ni, wọ́n tò ó ní ìdúró, ẹsẹ lẹ́sẹ, bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Òkúta wẹ́wẹ́ funfun wà láàárín wọn. Lébìrà ló kọ́kọ́ dáwọ́ dúró. Ó ní, "Bàbá, ẹ wá wò ó, èèyàn ló ṣe èyí o." Mo wò ó. Owó sìmẹ́ǹtì tí mo ti san ni mò ń rò. Mo ní kó máa fọ́ ọ lọ. A da àfọ́kù náà sínú ìpìlẹ̀. Àyálégbé ló ń sùn lé e lórí títí dòní.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọmọ ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wá bá wa ṣe Ọlọ́jọ́. Mo mú un lọ sí Ìta Yemòó, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti rí ère idẹ ọba àti olorì tí wọ́n so apá kọ́ra lọ́dún 1957, nígbà tí wọ́n ń tún ilẹ̀ ṣe láti kọ́lé. Ilẹ̀ àpáàdì wà níbẹ̀ tí wọ́n tọ́jú. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ń fi ìka tọ ẹsẹ rẹ̀. Ó bi mí pé, "Bàbá àgbà, ṣé irú èyí wà nílé wa?" Mo ní ó wà. Mi ò sọ ibi tó wà fún un.

Orí idẹ Ifẹ̀ tí ọmọ yẹn kọ́kọ́ rí láyé rẹ̀, British Museum ló ti rí i. Ibo lorí yẹn ti wá? Ilé Wúnmọníjẹ̀ ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin. Lọ́dún 1938, wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé níbẹ̀ bí mo ṣe gbẹ́ tèmi, ni wọ́n bá kan orí idẹ tó ju mẹ́wàá lọ. Ọ̀kan dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1939. Méjì dé Amẹ́ríkà lọ́wọ́ William Bascom, òun sì dá wọn padà lọ́dún 1950. Àwọn tó gbẹ́lẹ̀ nígbà yẹn dúró nígbà tí dígà kan nǹkan. Èmi tí mo kàwé ni mo ní kí wọ́n máa fọ́ ọ lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi owó ilé ránṣẹ́ láti òkè òkun, ẹ bá bíríkìlà yín sọ̀rọ̀ kó tó gbé dígà. Tó bá kan àpáàdì, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí idẹ, kó dúró, kó ya fọ́tò, kó sì lọ sọ ní mùsíọ́mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin. Òfin ọdún 1979 ló ní ká fi tó wọn létí. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń bẹ̀rù pé ìjọba á gba ilẹ̀ wọn. Ìbéèrè tó yẹ ni, ẹ jẹ́ ká pe àwọn mùsíọ́mù wá sípàdé wa, kí wọ́n dá wa lóhùn lójú ara wọn.

Ẹni tí ilẹ̀ àpáàdì bá ṣì hàn lágboolé rẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé wa, pẹ̀lú orúkọ agboolé. Ẹ fún wa títí Ọlọ́jọ́ tó ń bọ̀, àá fi ẹsẹ̀ rìn yí wọn ká pẹ̀lú àwọn ọmọ wa. Ìrẹ̀mọ la ó ti gbéra. Màá fi ojú bọ́ìsì-kọ́tà mi hàn wọ́n.