Ẹ̀rù Bààlù àti Tíkẹ́ẹ̀tì Owó Pọ́ọ́kú

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ni mo fẹ́ bá yín sọ: ẹ̀rù àtiwọ bààlù, pàápàá èyí tí owó rẹ̀ kò wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ń ta aṣọ ní Ìyànà Ìbà, létí títì ńlá tí ó lọ sí Àgbádárìgì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ sí Àbújá, ó sì yẹ kí màmá lọ bá a wẹ ọmọ. Ọkọ ọmọ náà ra tíkẹ́ẹ̀tì bààlù ránṣẹ́. Nígbà tí màmá gbọ́ iye tí ó rà á, ó mi orí, ó ní: “Ọmọ mi, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Kí ni wọ́n yọ kúrò nínú bààlù yìí tí owó rẹ̀ fi kéré báyìí? Bọ́ọ̀sì òru ni n ó wọ̀ ní tèmi.”

N kò fi màmá rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ojú wa ti rí nǹkan. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, bààlù ológun kan já ní Èjìgbò níhìn-ín, gbogbo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2005, bààlù Bellview gbéra ní Ìkẹjà, ó já ní abúlé Lísà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ènìyàn 117 sì bá a lọ. Kò tó oṣù méjì sí i tí ti Sosoliso já ní Port Harcourt. Ènìyàn 108 ni ó kú. 60 nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé-ìwé kan ṣoṣo tí ń lọ sílé fún ọlidé. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2012, bààlù Dana já lu ilé ní Ìjù-Ìṣàgà. Ènìyàn 153 ni ó wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tí ó yè. Ó sì tún pa ènìyàn mẹ́fà nílẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe ẹni tí ń bẹ̀rù bààlù ní ojo.

Ṣùgbọ́n mo ní: “Màmá, ẹ jẹ́ kí a wo ibùdókọ̀ yìí ná.” Àwọn ọmọ ọkọ̀ ń pe Ọ̀ṣòdì, wọ́n ń pe Ìkòtún, wọ́n ń pe Sẹ̀mẹ̀. Táyà dánfó kan ti dán bí orí apárí, okùn ni wọ́n sì fi so ilẹ̀kùn rẹ̀. Awakọ̀ ń fi ọwọ́ kan gba owó, ó ń fi èkejì wa ọkọ̀. Mo ní: “Irú èyí ni ẹ ń wọ̀ lójoojúmọ́. Ǹjẹ́ ẹ ti bi awakọ̀ rí pé ìgbà wo ni ó tún bíréèkì ṣe?” Màmá kò dáhùn.

Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ka òkú tí ó ju 5,000 lọ ní ojú títì Nàìjíríà lọ́dún 2023, ó sì tún ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún 2024. Ní ọdún 2024 yìí kan náà, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lágbàáyé, IATA, ka ìrìn-àjò bààlù tí ó lé ní mílíọ̀nù 40 ní gbogbo ayé. Jàǹbá tí ó mú ẹ̀mí lọ nínú gbogbo rẹ̀ jẹ́ 7, àwọn èrò àti òṣìṣẹ́ tí ó kú nínú bààlù sì jẹ́ 244.

Kí ló dé tí a kò fi bẹ̀rù dánfó? Ó ti mọ́ wa lára ni. Òkú ojú títì ń kú ní ẹyọ ẹyọ, a kì í gbọ́. Ti bààlù ń kú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ìlú a sì gbọ́. Nínú dánfó ẹ̀wẹ̀, a ń rí awakọ̀, a lè kígbe pé “Ó wà o!” kí ó dúró. Nínú bààlù, a kò rí ẹni tí ń wà á.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ owó. Tíkẹ́ẹ̀tì tí a tètè rà sábà máa ń dín owó ju èyí tí a rà lọ́jọ́ ìrìn-àjò. Ẹni méjì lè jókòó ti ara wọn, kí ọ̀kan ti san ìlọ́po méjì ti èkejì, bààlù kan náà sì ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń ra irú bààlù kan ṣoṣo, kí mẹkáníìkì wọn lè mọ̀ ọ́n dáadáa. Bààlù wọn kì í pẹ́ nílẹ̀ kí ó tó tún gbéra. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹun yóò san owó oúnjẹ, ẹni tí ó bá di ẹrù púpọ̀ yóò san owó ẹrù. Ryanair ti ilẹ̀ Írẹ́lándì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1985, olówó pọ́ọ́kú sì ni. Kò tíì sí jàǹbá bààlù rẹ̀ tí ó pa èrò.

Ṣùgbọ́n n kò ní tan yín. Bí a bá gé owó níbi tí kò yẹ, ikú ni. Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1996, bààlù ValuJet, olówó pọ́ọ́kú ará Amẹ́ríkà, gbiná lókè ní Florida, ènìyàn 110 sì kú. Àwọn agbaṣẹ́ṣe tí ń bá a tọ́jú bààlù ni wọ́n kó ẹ̀rọ tí ń pèsè afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sínú ẹrù láìfi ìdérí sí i. Ti Dana náà ńkọ́? Àwọn olùwádìí ní ẹ́ńjìnnì kan dákẹ́ iṣẹ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 17 lẹ́yìn tí ó gbéra ní Àbújá, àwọn awakọ̀ kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí pápákọ̀ tí ó sún mọ́ wọn jù. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Èkó, èkejì dákẹ́.

Nítorí náà, kì í ṣe iye owó nìkan ni a ó máa béèrè, bí kò ṣe ẹni tí ń ṣọ́ wọn. Òfin ọdún 2022 fún NCAA, àjọ tí ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú nílẹ̀ wa, ní agbára láti dá dúró. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, bààlù Dana kan yọ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ ní pápákọ̀ Èkó. Ẹnikẹ́ni kò kú, síbẹ̀ wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà dúró. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ ṣàkíyèsí èyí: wọn kò dúró de òkú kí wọ́n tó gbé ìgbésẹ̀.

Màmá wọ bààlù náà. Mo ti sọ fún un pé bí ó bá gbọ̀n nínú ìkùukùu, atẹ́gùn ni, bí ọkọ̀ tí ń kọjá nínú kòtò; kí ó ṣáà de bẹ́líìtì rẹ̀. Nígbà tí ó padà dé lẹ́yìn oṣù méjì, ó ní: “Ọmọ mi, ẹ̀rù bà mí lókè o, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi bọ́ọ̀lẹ̀ ní Ìkẹjà tí mo wọ dánfó bọ̀ nílé, mo wo táyà rẹ̀, mo bọ́ sílẹ̀, mo wọ òmíràn.”

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ibi tí mo ń lọ nìyẹn. N kò ní kí ẹ má bẹ̀rù bààlù. Ohun tí mo ní ni pé, ìbéèrè tí ẹ ń bi bààlù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bi dánfó náà.