Bí A Ṣe Ń Bá Aboyún tí Ó Ń Mutí Sọ̀rọ̀

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, pé ọtí jẹ́ èèwọ̀, kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú yín. Obìnrin tí ó ti lóyún, tí ọtí kò sì tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ òní dá lé. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ẹni tí ń jókòó ní ilé ọtí nìkan ni. Aboyún mìíràn kò fọwọ́ kan bíà rí, ṣùgbọ́n àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ ni ó fi ń jí láràárọ̀. Òmíràn ń mu bíà dúdú nítorí wọ́n ní ó ń fún ni lẹ́jẹ̀. Ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ lára ọlẹ̀. Ọtí tí ìyá mu ń gba inú ibi ọmọ kọjá sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ẹ̀dọ̀ ọmọ kò sì tíì gbó débi tí yóò fi lè borí rẹ̀. Lemoine kọ̀wé nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 1968. Ní 1973 ni àwọn dókítà ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, fún àìsàn náà lórúkọ. Ọmọ lè kéré, ojú rẹ̀ lè yàtọ̀, ẹ̀kọ́ lè nira fún un títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Títí di òní, àwọn onímọ̀ kò rí ìwọ̀n ọtí kan tí wọ́n lè pè ní aláìléwu fún aboyún.

Báwo wá ni kí á ṣe bá a sọ ọ́? Èébú kò ṣe é. Obìnrin tí wọ́n bá dójú tì ní gbangba lè máa lọ mu ún ní kọ̀rọ̀, kí ó sì máa parọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ọkùnrin kan wà ní ayé Ànábì tí wọ́n mú wá léraléra nítorí ọtí. Wọ́n fìyà jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnìkan ṣẹ́ èpè lé e, Ànábì kọ̀ ọ́, ó sì jẹ́rìí pé ọkùnrin náà fẹ́ràn Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ọ̀nà tí àwọn agbẹ̀bí ń gbà kò gùn: ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ní ìkọ̀kọ̀. "Ìyàwó wa, láti ìgbà tí oyún yìí ti dé, kí ni ẹ ti mu tí ó ní ọtí nínú? Àgbo ńkọ́?" Agbẹ̀bí yóò ṣàlàyé ewu rẹ̀ láìpariwo. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìgbà tí ọtí máa ń wù ú, àti ohun tí yóò ṣe ní ìgbà náà. Wọn yóò dá ọjọ́ tí wọn yóò tún ríra.

Ìwádìí kan tí ó jáde ní Boston ní 2005 wo 304 aboyún àti àwọn ẹnìkejì wọn. Àwọn tí ń mu jù ní ìbẹ̀rẹ̀ ni irú ìmọ̀ràn yìí ràn lọ́wọ́ jù, ó sì túbọ̀ lágbára nígbà tí ẹnìkejì wọn bá jókòó tì wọ́n. Ẹ̀yin ọkọ, ṣé ẹ gbọ́? Ta ni ó ń ra àgbo ọlọ́tí náà wálé?

Ẹ̀rù kan ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ti ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ já a lójijì ní ilé, nítorí gìrì lè gbé e. Ilé ìwòsàn ni kí ọkọ rẹ̀ mú un lọ, kí wọ́n máa ṣọ́ òun àti ọmọ inú rẹ̀ bí ó ti ń fi í sílẹ̀.